Ẹni tí Yóò Jókòó sí Àga Ajíbóyè

Kò sí ohun tí Julius Ajíbóyè fi ń yangàn nílùú Ẹ̀núgù tó bí àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń tọ́. Ọ̀gá ni ní ẹ̀ka ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ọ̀nà àti afárá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó kọ ilà gọ̀m̀bọ́, díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi. Á ní ọ̀nà tí òun là lè bàjẹ́, afárá tí òun ṣe lè wó, ṣùgbọ́n èèyàn tí òun bá kọ́ ni yóò jókòó sí àga òun lọ́la, ìyẹn gan-an niṣẹ́ òun. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ á rò pé bàbá náà mọ bí wọ́n ṣe ń kọ́ èèyàn. Kò mọ̀ ọ́n, ìgbà tí yóò sì fi mọ̀ ọ́n, omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1966, ọ̀dọ́mọkùnrin méjì ni ojú rẹ̀ wà lára wọn. Sírájúdéènì lọ́mọ Ìsẹ́yìn, ọmọ Mùsùlùmí tí wọ́n fi ẹ̀kọ́ ilé tọ́ dáadáa. Felix Aneke lọ́mọ Amechi, abúlé tó wà ní ìpẹ̀kun ìlú níhà gúúsù. Àwọn méjèèjì ti parí ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, iṣẹ́ kan náà ni wọ́n ń ṣe, owó oṣù kan náà ni wọ́n ń gbà. Ibi tí ọ̀nà wọn ti yà ni ìkíni.

Bí Sírájúdéènì bá rí ọ̀gá láàárọ̀, á dọ̀bálẹ̀ gbalaja ní fàráńdà ọ́fíìsì, kò bìkítà fún kákí tó lọ̀. Bí ọ̀gá bá ní kí wọ́n gba apá ọ̀tún gbẹ́ ilẹ̀, á ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà." Bí ọ̀gá bá yí i padà sí apá òsì, á ní òsì yẹn náà ló ti wà lọ́kàn òun, sà. Felix ní tiẹ̀ á dúró ṣánṣán, á na ọwọ́ sí ọ̀gá, á sì wò ó lójú. Bí ọ̀gá bá ní apá ọ̀tún, ohun àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ ni, "Kí ló dé, sà?" Bí wọ́n ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ tiwọn nìyẹn, bí wọ́n sì ṣe ń fi ọkàn sí ọ̀rọ̀ nìyẹn. Gbogbo ọdún tí Ajíbóyè fi gbé ní Ẹ̀núgù, tó ń jẹ ọbẹ̀ wọn, tó ń ná ọjà Ogbete lọ ná an bọ̀, èyí nìkan ni kò yé e. Lójú rẹ̀, ọmọ tó bá na ọwọ́ sí àgbà ti rí àgbà fín.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ń ri páìpù kọnkéré sábẹ́ títì tó lọ sí Amechi kí omi òjò lè máa gbabẹ̀ kọjá. Felix kàn ṣàdédé sọ lójú gbogbo lébìrà pé páìpù tí ọ̀gá mú kéré jù. Wọ́n jiyàn. Ká sọ tòótọ́, Felix kò jàre tán lọ́jọ́ náà, nítorí ó gbàgbé pé kòtò kan wà lókè tí yóò yí ìdajì omi náà sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí Ajíbóyè ṣe ń fi ìka tọ́ kòtò yẹn hàn án kó lè borí rẹ̀ nínú iyàn, ó rí i pé òun alára ti gbé ẹnu páìpù náà ga ju ilẹ̀ lọ. Bí kò bá sí iyàn yẹn, kò ní rí i. Wọ́n tún un ṣe, òjò ọdún náà kò sì mú ọ̀nà náà lọ.

Dípò kí inú rẹ̀ dùn, ìbínú ló gbé lọ sílé. Moríyọ̀ ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ olùkọ́, fi í sílẹ̀ kó sọ̀rọ̀ títí ó fi sú u.

Ó ní, "Bàbá Ọládùnní, ẹni tó ń bá yín jiyàn yẹn ló ń bá yín ṣiṣẹ́ o. Èyí tó ń dọ̀bálẹ̀ yẹn, èmi ò tíì mọ ohun tó ń ṣe."

Ajíbóyè ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Ó ní kó bu oúnjẹ wá.

Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni àwọn ọ̀gá àgbà ti Èkó dé. Wọ́n fẹ́ mú ẹnì kan lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fún ọdún méjì. Ẹni náà ni yóò padà wá ṣe igbákejì ọ̀gá, bó bá sì dọ̀la, òun ni yóò jọba lórí gbogbo iṣẹ́ ọ̀nà ní ìlà oòrùn. Wọ́n bi Felix àti Sírájúdéènì ní ìbéèrè, àwọn méjèèjì ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n Felix ta èkejì yọ. Wọ́n wá ní kí àwọn méjèèjì bọ́ síta, wọ́n kọjú sí Ajíbóyè.

Alága wọn béèrè pé, "Èwo nínú wọn lẹ rò pé ó lè darí èèyàn?"

Ajíbóyè mọ ìdáhùn. Ìdáhùn náà ti dé ọ̀fun rẹ̀. Ó wá rántí ojú àwọn lébìrà lọ́jọ́ tí wọ́n ń wo òun àti Felix lẹ́nu, ara rẹ̀ sì gbóná.

Ó ní, "Felix mọ iṣẹ́. Ṣùgbọ́n kò ní ìtẹríba. Ẹni tí kò lè tẹrí ba fún àgbà, ẹ má fi í ṣe olórí ẹnikẹ́ni."

Bí wọ́n ṣe mú Sírájúdéènì nìyẹn. Fèrèsé ṣí sílẹ̀, Sírájúdéènì nìkan ló sì wà lórí àga ní fàráńdà, ṣùgbọ́n ta ní ráyè wo fèrèsé? Nígbà tí Felix wá béèrè bó ṣe jẹ́, díákónì wa wò ó lójú, ó ní àwọn ará Èkó ló ṣe ohun tó wù wọ́n, òun sọ̀rọ̀ títí, wọn kò gbọ́.  Felix na ọwọ́, ó bọ ọ̀gá rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní ó ṣeun. Láti ọjọ́ náà ni nǹkan kan ti há Ajíbóyè láyà.

Sírájúdéènì wọ ọkọ̀ òkun lọ ní oṣù kẹsàn-án. Kó tó lọ ni ìlú ti ń dàrú. Wọ́n ń pa àwọn ará ìlà oòrùn ní Òkè Ọya, rélùwéè sì ń kó àwọn tó yè wá sí Ẹ̀núgù, ẹlòmíràn nínú wọn kò ní ju aṣọ ọrùn rẹ̀ lọ. Ìbínú gba ìgboro kan. Ní oṣù kẹwàá, wọ́n ní kí àwọn tí kì í ṣe ọmọ ibẹ̀ máa lọ sílé wọn. Ajíbóyè àti Moríyọ̀ kó ọmọ sínú mọ́tò, wọ́n fẹ́ gba Ọ̀nìtshà sá lọ sí Ìbàdàn. Láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pè é, Felix dé, ó jókòó síwájú, ó ní òun yóò sìn wọ́n dé etí odò Ọya.

Ní oríta Náìnì Máìlì, àwọn ọ̀dọ́ ti dábùú igi sójú títì. Bí wọ́n ti rí ilà ojú Ajíbóyè, wọ́n ní ará Òkè Ọya ni. Bó ṣe ń pariwo pé Yorùbá lòun, wọ́n ní irọ́ ló ń pa, wọ́n sì ń fà á jáde. Moríyọ̀ di ọmọ mú. Felix bọ́ sílẹ̀, ó dúró láàárín wọn àti ọ̀gá rẹ̀, bó ṣe máa ń dúró níwájú ọ̀gá náà gẹ́lẹ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè. Kí ló dé? Kí lọkùnrin yìí ṣe? Ta ló rí i níbẹ̀? Wọ́n gbá a létí, kò kúrò. Ó fi èdè wọn bá wọn jiyàn títí ó fi sú wọn, wọ́n sì gbé igi kúrò. Ẹnu tí Ajíbóyè sọ pé kò dára yẹn ló gbà á lọ́wọ́ ikú. Nínú mọ́tò, Ajíbóyè kò lè yíjú wo Felix títí wọ́n fi dé etí odò.

Ogun dé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Gbogbo ìgbà tí rédíò bá dárúkọ Ẹ̀núgù ní Ìbàdàn, Ajíbóyè á dìde kúrò níbẹ̀. Ó mọ ohun tí òun ṣe. Bó bá jẹ́ pé òun sọ òótọ́ lọ́jọ́ náà, Felix ìbá wà ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí ìbọn kò ti ń dún, tí èèyàn ti ń rí iyọ̀ jẹ. Wọ́n ní kó wá ṣe àdúrà fún àlàáfíà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó kọ̀, ó ní ọ̀fun ń dun òun. Irọ́ ni. Ẹ̀rí ọkàn ló ń fún un lọ́rùn.

Ogun parí ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1970, wọ́n sì dá Ajíbóyè padà sí Ẹ̀núgù kó lọ tún ẹ̀ka náà ṣí. Sírájúdéènì bá a lọ. Ó ti gboyè dé tipẹ́, ó ti ń wọ bàtà òyìnbó aláwọ̀ pupa, ṣùgbọ́n òun ló ṣì ń dọ̀bálẹ̀ láàárọ̀. Ọ́fíìsì kò ní ilẹ̀kùn, kò ní páànù, ewúrẹ́ ló ń gbé nínú yàrá tí wọ́n ti ń ya àwòrán afárá. Ní Ogbete, àwọn obìnrin jókòó ti ìwọ̀nba ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rí tà. Àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ ń wá lójoojúmọ́ láti béèrè bóyá iṣẹ́ wọn ṣì wà. Ajíbóyè ń wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń wá ojú kan.

Felix dé ní ọjọ́ kan lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ó ti rù, ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ fẹ̀ jù ú lọ. Ajíbóyè sáré dìde, ó na ọwọ́, àní òun ló kọ́kọ́ na ọwọ́. Felix di ọwọ́ tirẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹrí ba, ó ń wo ilẹ̀.

Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, sà."

Ọjọ́ náà gan-an ni Ajíbóyè gbà á padà síṣẹ́. Ó lérò pé bó bá yó tán, bó bá sinmi díẹ̀, ẹnu rẹ̀ yóò padà sípò. Oúnjẹ dé, ara bọ̀ sípò, ẹnu kò padà. Wọ́n ń tún ọ̀nà orí òkè ṣe, Ajíbóyè wọn ilẹ̀, ó ṣèṣì fi ojú ọ̀nà omi sí ibi tí kò yẹ. Felix wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, "Yẹs, sà" ló ń sọ. Òjò kan ṣoṣo ló rọ̀, ó gbá gbogbo iṣẹ́ náà lọ.

Ajíbóyè bi í léèrè pé, "Felix, o kò rí i pé ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kó wà ni?"

"Mo rí i, sà."

"Kí ló dé tí o kò sọ?"

"Ẹ̀yin lọ̀gá, sà."

Ajíbóyè gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, ó sì jókòó sórí òkúta kan lẹ́bàá ọ̀nà. Ohun tó ti fẹ́ kí ọmọ náà máa sọ láti ọdún wọ̀nyí wá nìyẹn. Ó rí i gbà wàyí, ojú sì tì í.

Ogun ti fagi lé ètò àtijọ́, kò sì pẹ́ sígbà náà ni Èkó ránṣẹ́ pé kó tún dárúkọ ẹni tí yóò ṣe igbákejì rẹ̀, tí yóò sì gba àga lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá fẹ̀yìn tì. Kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó fi orúkọ Felix ránṣẹ́. Ó lérò pé ìyẹn yóò san gbèsè náà, ó sì fi tayọ̀tayọ̀ sọ fún Moríyọ̀ nígbà tó ti Ìbàdàn wá lo ìsinmi ilé ìwé lọ́dọ̀ rẹ̀.

Moríyọ̀ béèrè pé, "Ṣé ẹ ti bi í?"

"Kí ni mo tún fẹ́ bi í? Ìgbéga ni."

"Ìyẹn ni pé ẹ tún ti jókòó, ẹ tún ti dá ọ̀rọ̀ ayé rẹ̀ sọ láì sí níbẹ̀. Ti àkọ́kọ́ yẹn ńkọ́, ẹ ti sọ fún un?"

 Obìnrin yìí nìkan ni Ajíbóyè ti jẹ́wọ́ fún láti ọdún mẹ́rin, ó sì máa ń kábàámọ̀ pé òun jẹ́wọ́ fún un.

Moríyọ̀ ní, "Ẹ lọ bẹ̀ ẹ́ ná. Kí ẹ tó fún un ní nǹkan, ẹ jẹ́ kó mọ ohun tí ẹ gbà lọ́wọ́ rẹ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, Ajíbóyè mú obì dání, ó lọ sí Amechi. Ilé ìyá Felix ló ti bá a, ó ń fi imọ̀ dí ara ilé tí wọ́n wó. Felix gbé àga kan ṣoṣo tó wà nílé fún un, òun fúnra rẹ̀ dúró. Ajíbóyè ní kó jókòó, kò jókòó. Bàbá náà wá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe rí, kò dá nǹkan kan sí: ìbéèrè alága, ìdáhùn tòun, irọ́ tó pa lẹ́yìn rẹ̀. 

Felix ní, "Mo mọ̀, sà."

"O mọ̀? Ta ló sọ fún ọ?"

"Sírájúdéènì. Ó wá dágbére fún mi kó tó lọ. Ó ní òun kò lè wọkọ̀ kí n má gbọ́ ọ. Ó sunkún gan-an, sà."

Ajíbóyè ronú sẹ́yìn. Oṣù kẹsàn-án ni Sírájúdéènì lọ. Oṣù kẹwàá ni ti Náìnì Máìlì. 

Ó ní, "O ti mọ̀ kó o tó bá wa wọ mọ́tò. O mọ̀, o sì jẹ́ kí wọ́n gbá ọ létí nítorí mi."

Felix ní, "Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe yẹn kò dára, sà. Nígbà yẹn, bí nǹkan kò bá dára, mo máa ń sọ." Ó gbé imọ̀ kan sílẹ̀. "Mo ti ń ṣètò bí mo ṣe máa bá ẹ̀yin náà jà. Mo ní bí ẹ bá ti Ìbàdàn dé ni. Gbogbo wa rò pé wàhálà náà kò ní kọjá Kérésì."

"Bá mi jà báyìí. Felix, jọ̀ọ́, bá mi jà."

Felix rẹ́rìn-ín díẹ̀, bí ẹni tí ọmọdé ní kó bá òun ṣeré nígbà tó rẹ̀ ẹ́. Ó sọ fún un pé lọ́dún kejì ogun, ṣọ́jà kan dá òun àti àbúrò òun dúró lójú ọ̀nà, ó fẹ́ gba kẹ̀kẹ́ wọn. Kò sọ ṣọ́jà ẹ̀gbẹ́ wo. Òun bi ṣọ́jà náà pé kí ló dé. Ṣọ́jà náà kò dá òun lóhùn, àbúrò òun ló yìnbọn pa.

Ó ní, "Ohun tí ẹ sọ fún wọn nípa mi kì í ṣe irọ́, sà. Mi ò ní ìtẹríba nígbà yẹn. Mo ti ní i báyìí."

Ajíbóyè bú sẹ́kún. Àgbàlagbà tí irun rẹ̀ ti funfun sunkún lórí àga ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ní àgbàlá olókùú, ìyá Felix sì yọjú, ó tún padà wọlé. Nígbà tí Ajíbóyè nu ojú tán, ó ní òun ti fi orúkọ Felix ránṣẹ́ sí Èkó, àga náà ti di tirẹ̀.

Felix gbé ojú sókè, ó wo ọ̀gá rẹ̀ lójú. Kò wò ó bẹ́ẹ̀ rí látìgbà tó ti padà dé.

Ó ní, "Rárá, sà. Ẹ yọ ọ́. Ẹni tó bá máa jókòó síbẹ̀ gbọ́dọ̀ lè dúró níwájú àwọn ọ̀gá ṣọ́jà kó ní afárá yìí kò lè gbé ọkọ̀ yín. Ara mi yóò máa gbọ̀n. Ẹ fi mí sí ilé ìkẹ́rùsí, kí n máa há ṣọ́bìrì fún wọn, kí n máa gbà á padà. Sírájúdéènì ni kí ẹ fi síbẹ̀, èèyàn dáadáa ni."

Ẹnu Ajíbóyè ti là láti bá a jiyàn, ó sì pa á dé. Bó bá fi tipátipá gbé ọmọ náà sórí àga, òun ló tún dá a ṣe yẹn. Bó bá sì gbọ́ tirẹ̀, ohun tí òun ti bàjẹ́ ti bàjẹ́ pátápátá nìyẹn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fi wáyà ránṣẹ́ sí Èkó, ó yọ orúkọ Felix, ó fi ti Sírájúdéènì sí i. Ọwọ́ rẹ̀ ló fi fún Felix ní kọ́kọ́rọ́ ilé ìkẹ́rùsí. Felix tẹrí ba, ó dúpẹ́.

Nígbà tí ìwé ìgbéga dé, Ajíbóyè mú Sírájúdéènì lọ síbi afárá kan tí wọ́n ń tún ṣe. Ó ti mọ̀ọ́mọ̀ fi àṣìṣe sílẹ̀ níbẹ̀, àṣìṣe tó hàn gbangba débi pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ yóò rí i. Ó dúró, ó ní kó wò ó, kó sọ ohun tó rí.

Sírájúdéènì kọ́kọ́ wo ojú ọ̀gá. Lẹ́yìn náà ló wo afárá.

Ó ní, "Ó dáa, sà. Iṣẹ́ yín ni."

"Tún un wò. Ohun kan wà níbẹ̀ tí mo ṣe tí kò dáa. Sọ ọ́ fún mi."

"Sà, ta ni mo jẹ́ tí n ó fi—"

Ajíbóyè ní, "Ìwọ ni igbákejì mi. O lọ sọ òótọ́ fún Felix nígbà tí èmi ò lè sọ ọ́. Mo mọ̀ pé o ní i nínú. Sọ èyí fún mi, jọ̀ọ́, ọmọ mi."

 Ojú Sírájúdéènì lọ sí ibi àṣìṣe náà, ó dúró níbẹ̀, Ajíbóyè sì rí i pé ó rí i. Ètè rẹ̀ mì. Ajíbóyè ń retí, ó ń gbàdúrà sínú, àdúrà tí kò lè gbà jálẹ̀ ogun. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán sórí wọn, kò sì sí ẹni tó sọ̀rọ̀ nínú àwọn méjèèjì.